Ẹṣin Korbinian Zapf

Bí ẹnìkan bá fẹ́ fi Gebhard Rösch ṣe yẹ̀yẹ́, kó wá nǹkan mìíràn gbé, kó má gbé akoto ológun. Ọkùnrin náà mọ akoto bí ìyá ìbejì ṣe ń mọ Táyé yàtọ̀ sí Kẹ́hìndé nínú òkùnkùn.

Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, nílé ọtí Àgbọ̀nrín Dúdú ní ìlú Oberlindach, àwọn àgbà tó ń ṣa akoto, idà àti fọ́tò ayé Káísà, ọba Jámánì àtijọ́, máa ń pé jọ sídìí tábìlì wọn, tábìlì tí àlejò kì í fìdí kàn àfi bó bá fẹ́ kí wọ́n fi ojú jẹ òun lóúnjẹ. Bíà olóòórùn èéfín á ti dúró níwájú oníkálukú. Wọ́n á fi aṣọ ìnuwọ́ di ojú Gebhard, wọ́n á gbé akoto kan lé e lọ́wọ́, gbogbo wọn á sì panu mọ́.

Gebhard á fọwọ́ pa á lórí. Á ti àtàǹpàkò bọ inú rẹ̀. Á gbé e sí imú.

"Awọ màlúù," á ní. "Orí ẹ̀ ò ṣóńṣó, bọ́ọ̀lù ló wà níbẹ̀, nítorí náà àwọn tó ń yin àgbá ló ni ín. Ẹyẹ idì ló wà níwájú, ẹyẹ ọ̀hún sì la ẹnu bí agbowó-orí. Prussia ni."

"Ẹyẹ yẹn lo fi mọ̀ pé Prussia ni?"

"Rárá o. Òórùn ẹ̀ ni."

Wọ́n á rẹ́rìn-ín títí bíà á fi máa dà sílẹ̀, torí ní apá ibi tí a ń sọ yìí, kò sí ohun tó dùn létí tó èébú tí wọ́n bá bú ará Prussia, àwọn ará àríwá Jámánì.

Diethelm Krapf, alápatà ìlú, nìkan ni kì í rẹ́rìn-ín tọkàntọkàn. Òun náà ń ṣa akoto, akoto rẹ̀ sì pọ̀ ju ti Gebhard lọ, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń di ojú tirẹ̀. Lọ́jọ́ kan ó lọ yá akoto àwọn panápaná abúlé kejì, ó kan ẹyẹ idì bàbà mọ́ ọn níwájú, ó gbé e lé Gebhard lọ́wọ́, ó sì ń ṣẹ́jú sí àwọn tó kù.

Gebhard ò tilẹ̀ fọwọ́ pa á. "Àwọn panápaná ló ni èyí," ló wí. "Alápatà ló sì gbé e wá. Ó ń rùn sọ́sééjì."

Láti ọjọ́ náà ni Diethelm ti ń wá ọjọ́ tí ilẹ̀ máa yọ̀ mọ́ Gebhard lẹ́sẹ̀.

Ohun kan ṣoṣo ló wà tí àwọn méjèèjì jọ ní, ohun náà ló sì ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín wọn: oníkálukú wọn ní bàbá-ńlá tó jẹ́ ológun ẹlẹ́ṣin láyé Káísà. Kì í ṣe ẹlẹ́ṣin lásán o. Ẹlẹ́ṣin ńlá ni, àwọn tó ń wọ kóòtù búlúù ní Munich, tí ọmọge ń tìtorí wọn já sí kòtò. Gebhard á ní Korbinian Zapf, bàbá àgbà ìyá òun, ló ń ṣíwájú nígbà tí wọ́n bá ń yan kọjá. Diethelm á ní bẹ́ẹ̀ ni, ó ń ṣíwájú, torí ẹṣin rẹ̀ ń sá fún ti Alois Krapf, bàbá-ńlá òun. Fọ́tò àwọn bàbá náà wà nílé oníkálukú nínú férémù ńlá, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó gbé tirẹ̀ wá sídìí tábìlì rí. A kì í gbé bàbá ẹni wá sílé ọtí.

Bọ́rọ̀ ṣe wà nìyí tí Méyọ̀ Ottilie Dörfler fi kéde pé ìlú máa ṣe ìfihàn ohun ayé Káísà ní gbọ̀ngàn ìlú, àti pé ògiri tó kọjú sí ẹnu ọ̀nà, àwòrán ọmọ ìlú kan ṣoṣo ni wọ́n máa gbé kọ́ síbẹ̀, pẹ̀lú orúkọ rẹ̀ lábẹ́. Bí ìfihàn bá parí, àwòrán náà ò ní kúrò níbẹ̀ mọ́.

Ọ̀sán Sunday ni ìyá Gebhard gbọ́. Màámi Kreszenz ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kọ iṣẹ́, kẹ̀kẹ́ ni wọ́n fi ń tì í káàkiri, ṣùgbọ́n ahọ́n rẹ̀ ń rìn fúnra rẹ̀. Ó gbé ife kọfí kalẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kéèkì.

"Gebhard."

"Màámi."

"Wọ́n tì mí dé itẹ́ òkú lánàá. Wọ́n ti sin ìyàwó oníṣègùn eyín sí ibi tí bàbá àgbà mi wà."

"Ọdún tí a fi háyà ibojì ti pé, Màámi. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe fún gbogbo èèyàn. Bí ọdún bá pé tí kò sẹ́ni tó ń tún un gbà, wọ́n á fún ẹlòmíràn."

"Mo mọ̀. Òkúta tí wọ́n kọ orúkọ ẹ̀ sí ńkọ́?"

"Wọ́n ti fọ́ ọ, wọ́n ti fi tún ọ̀nà ṣe."

Màámi ti kéèkì náà sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Òun ló ń di irun mi nígbà tí ìyá mi kú," ó ní. "Ní gbogbo ìlú yìí, kò síbi tí orúkọ Korbinian Zapf wà mọ́. Bí mo bá kú, ìwọ nìkan lo kù, ìwọ náà ò sì bímọ, akoto lo bí. Gbé ojú ẹ̀ kọ́ sára ògiri yẹn."

"Màámi, mo búra fún yín..."

"Má búra. Gbé e kọ́."

Gebhard ò sùn dáadáa láti ọjọ́ náà. Akoto kò já mọ́ nǹkan kan lójú rẹ̀ mọ́. Ògiri yẹn ni.

Àmọ́ Diethelm náà ti lọ bá Méyọ̀ nítorí ògiri ọ̀hún, ó sì fi apá ẹran ẹlẹ́dẹ̀ bẹ̀ ẹ́. Méyọ̀ gba ẹran, ó jẹ ẹ́, ó sì dájọ́ bí ẹni tí kò jẹ nǹkan kan: kí ẹnikẹ́ni tó bá ní àwòrán gbé e wá láàárọ̀ Sátidé, kí àwọn àgbà ìlú wò ó, kí wọ́n mú ọ̀kan.

Àárọ̀ Sátidé pé. Gbọ̀ngàn kún. Gebhard ti Màámi wọlé lórí kẹ̀kẹ́, ó gbé férémù náà lé itan rẹ̀, ó fi aṣọ ibùsùn funfun bò ó. Diethelm ti wà níbẹ̀. Òun fi aṣọ iṣẹ́ alápatà bo tirẹ̀, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ wà lára ẹ̀.

"Gebhard, ṣé òkú lo gbé wá tí o fi ń ró aṣọ funfun mọ́ ọn?"

"Ìwọ ni kí n bi, Diethelm. Tìẹ dà bí èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pa."

Méyọ̀ ní kí wọ́n dákẹ́. Wọ́n ṣẹ́ kèké, Gebhard ni yóò kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó fa aṣọ kúrò bí ẹni ń ṣí ojú ìyàwó.

Ká sọ òtítọ́, àwòrán náà dára. Ẹṣin dúdú kan ló ń fò nínú ẹ̀, ọkùnrin kan jókòó lé e, akoto onígóńgó ń dán lórí rẹ̀, idà wà lókè, ìkùukùu kan rọra jókòó lẹ́yìn wọn, irun orí ètè ọkùnrin náà sì nà síhìn-ín sọ́hùn-ún. Àwọn èèyàn kígbe. Ìyẹn ló kó sí Gebhard lórí.

"Ẹ̀yin ará," ó ní, "ẹ má wo ọkùnrin yẹn ná. Ẹṣin ni kí ẹ wò! Ẹ wo ẹsẹ̀ òsì ẹ̀ níwájú: funfun dé orúnkún, bí ẹni wọ ìbọ̀sẹ̀ kan tó gbàgbé ìkejì. Ẹ wo ojú tó fi ń wo ẹni tó gùn ún. Ẹṣin kì í fi irú ojú yẹn wo àlejò. Mo ti ṣàyẹ̀wò àwòrán yìí láti kékeré, mo sì lè sọ ọ́ níwájú ẹnikẹ́ni pé ẹṣin yìí ò jẹ́ kí ọmọ èèyàn mìíràn gun òun rí láyé, àfi Korbinian Zapf!"

Àtẹ́wọ́ dún. Màámi nìkan ni kò pàtẹ́wọ́. Ó ń wo ọmọ rẹ̀ bí ẹni ń wo ìkòkò tó fẹ́ hó dà sílẹ̀.

"Ó kan Ọ̀gbẹ́ni Krapf," ni Méyọ̀ wí.

Diethelm ò dìde. Ojú rẹ̀ ti pọ́n, ó tún funfun, ó tún ń padà pọ́n.

"Ọ̀gbẹ́ni Krapf?"

"Inú ló ń run mí."

"Ẹ ṣí i ká rí i, kí ẹ tó lọ."

"Ẹ jẹ́ kó di ọ̀la."

Méyọ̀ Ottilie kì í fi ọ̀la ṣeré. Òun fúnra rẹ̀ ló fa aṣọ alápatà náà kúrò.

Ẹṣin dúdú kan ló ń fò níbẹ̀. Ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ níwájú funfun dé orúnkún. Idà wà lókè, ìkùukùu kan rọra jókòó lẹ́yìn. Ojú ọkùnrin tó wà lórí ẹ̀ nìkan ló yàtọ̀: ọ̀kan yìí ní etí méjì tó fẹ̀ bí ilẹ̀kùn abà tí atẹ́gùn ṣí, etí tí gbogbo ìlú mọ̀, torí òun gan-an ló wà lórí Diethelm.

Ẹnìkan wúkọ́.

"Ẹṣin bàbá mi!" Gebhard ló kọ́kọ́ ké. "Bàbá ẹ jí ẹṣin bàbá mi!"

"Ta ló jí i? Ìwọ lo ní kò jẹ́ kí ẹlòmíràn gun òun! Ó dà bíi pé ó jẹ́ kí tèmi gùn ún! Ọmọ olè ẹṣin!"

"Alápatà! Bóyá ẹ sì ti fi ẹṣin ọ̀hún ṣe sọ́sééjì!"

"Bí a bá fi ṣe é, ìwọ lo jẹ ẹ́, torí o kì í sanwó ẹran kó o tó jẹ ẹ́ tán!"

Wọ́n ti ń sún mọ́ ara wọn, ikùn kan ikùn, nígbà tí ohùn tín-ínrín kan ti ẹ̀yìn wá. Ìyá Walburga Seitz ni, tó ń ta oògùn kó tó fẹ̀yìn tì, tí kì í sọ̀rọ̀ sókè níbi tí èèyàn bá ju méjì lọ.

"Ẹ jọ̀ọ́," ó ní, "èmi náà mú ti bàbá bàbá mi wá. Ojú ló ń tì mí."

Ó tú ìwé ìdìpọ̀ tó wà lábẹ́ abíyá rẹ̀. Ẹṣin dúdú. Ìbọ̀sẹ̀ kan. Idà. Ìkùukùu. Lórí ẹṣin náà, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan wọ awò ojú, ó ń wo wọn bí ẹni tó ń wá ibi tí òun gbé bọ́tìnnì sí.

Ibẹ̀ ni ara Gebhard ti tutù. Kì í ṣe pé kò mọ irú àwòrán bẹ́ẹ̀. Ta ni ì bá mọ̀ ọ́n bí kò ṣe òun? Láyé Káísà, bí ọmọkùnrin bá parí ọdún tó fi ṣe ológun fún ọba, á ra àwòrán ìrántí kó tó padà sílé. Ilé ìtẹ̀wé ló ń tẹ ẹṣin, kóòtù àti ìkùukùu jáde ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún. Onífọ́tò á kàn ya ojú oníbàárà, á fi sísọ́ọ̀sì gé orí kúrò, á lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọrùn ẹlẹ́ṣin. Àìmọye ìgbà ni Gebhard ti gbé irú ẹ̀ sókè lọ́jà àlòkù, tó gbé awò asọ-kékeré-di-ńlá tì í lọ́rùn, tó ní, "Orí àlẹ̀mọ́! Ẹ fi bo ihò ilé adìyẹ." Ṣùgbọ́n ọ̀bẹ tó mú tó báwo ló máa gbẹ́ èkù ara ẹ̀? Ti ilé rẹ̀ ti wà lára ògiri kó tó mọ ìrìn. Kò gbé awò tì í lọ́rùn rí.

Ó yọ awò náà lápò nísinsìnyí. Ó tẹ̀ mọ́ ọrùn Korbinian. Ojú ibi tí sísọ́ọ̀sì gbà wà níbẹ̀ gbangba, ó sì wọ́ díẹ̀ lábẹ́ àgbọ̀n.

Ó gbójú sókè. Diethelm náà ti gbé awò tirẹ̀ tì Alois lọ́rùn. Ojú wọn ṣe mẹ́rin. Ní kíá, ìjà ọjọ́ gbogbo di ọ̀rẹ́ ìṣẹ́jú kan.

"Ká má sọ fún wọn," Diethelm sọ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́.

"Ìyá mi ń wò mí," Gebhard dáhùn. Lẹ́yìn náà ló kojú sí àwọn èèyàn, ó túnra ṣe. "Ẹ... ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Ẹṣin ìjọba ni. Wọ́n ń pín in gùn ni."

"Bẹ́ẹ̀ ni!" Diethelm gbà á lẹ́nu rẹ̀. "Korbinian láàárọ̀, Alois lọ́sàn-án."

"Ta ló wá ń gùn ún lálẹ́?" Méyọ̀ bèèrè.

"Ó ní láti jẹ́ tèmi," ni Ìyá Walburga wí. "Bóyá ìdí nìyẹn tó fi wọ awò."

"Ìkùukùu yẹn ńkọ́? Ṣé òun náà wà ní pípín?"

Gebhard la ẹnu láti dáhùn. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ẹ̀rín kan ti bẹ̀rẹ̀, díẹ̀díẹ̀ bí ìgbà tí omi ń hó, títí tí kẹ̀kẹ́ fi ń mì tìtì. Màámi Kreszenz ló ń rẹ́rìn-ín, ó ń fi etí aṣọ nu omi ojú.

"Ẹṣin!" ó ní. "Bàbá àgbà mi! Ewúrẹ́ lásán, bó bá rí i lójú ọ̀nà, á gba inú oko! Búrẹ́dì ló ń ṣe fún wọn ní Munich. Inú ìyẹ̀fun ló ti sin ọba, ó wọ ibẹ̀, ó jáde níbẹ̀. Ó ní nígbà tí òun dé ṣọ́ọ̀bù onífọ́tò, òun bi í bóyá ó ní àwòrán ẹni tó ń po ìyẹ̀fun. Ọkùnrin yẹn ní kò sẹ́ni tó ń ra ìyẹn lọ fi han bàbá ìyàwó. Ló bá ra ẹṣin. Gbogbo ọdún Kérésìmesì ló máa ń sọ ọ́, a sì máa ń rẹ́rìn-ín títí ikùn á fi dùn wá."

Gebhard yíjú sí i bí ẹni tí wọ́n bu omi tútù lù. "Màámi! Ẹ mọ̀! Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi rí?"

"Ṣé o bi mí? Láti ìgbà tó o ti kúrò ní jẹ́lé-ó-sinmi lo ti ń sọ ìtàn bàbá àgbà mi fún èmi. Mo kàn ń gbọ́."

Gbọ̀ngàn fọ́ yángá. Àwọn ará tábìlì Ọjọ́bọ̀ ń lu ara wọn léjìká. Gebhard rí gbogbo Ọjọ́bọ̀ tó kù láyé rẹ̀ lọ kánrin-kánrin níwájú rẹ̀, ẹṣin sì wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ló dùn ún. Ògiri ló ń wò. Ògiri náà ṣófo, Méyọ̀ sì ti ń mi orí.

"Ó ṣeni láàánú," ni Méyọ̀ wí. "Orí àlẹ̀mọ́ mẹ́ta sórí ẹṣin ìtẹ̀wé kan. Àwọn ìlú kejì á fi wá ṣe ẹlẹ́yà. A máa gbé àwòrán kànga ìlú kọ́ síbẹ̀."

"Kànga!" Màámi ò rẹ́rìn-ín mọ́. "Gebhard, gbé bàbá àgbà mi wá kí n rí i dáadáa."

Gebhard ṣí ẹ̀yìn férémù, ó yọ gíláàsì kúrò, ó gbé àwòrán náà lé ìyá rẹ̀ lọ́wọ́. Màámi fi ìka kan pa irun orí ètè yẹn.

Orí Korbinian Zapf já, ó sì bọ́ sí i ní itan.

Gbogbo èèyàn pariwo. Gebhard tẹ̀ láti gbé orí náà, ó sì dúró ní títẹ̀ bẹ́ẹ̀ bí ẹni tí ẹ̀yìn há sí, torí orí mìíràn wà lábẹ́ rẹ̀. Ojú ọkùnrin kan tó dì pinpin bí ẹni tó fẹ́ sín, pẹ̀lú etí méjì tó fẹ̀ bí ilẹ̀kùn abà.

"Alois!" Diethelm bú sígbe. "Bàbá-ńlá mi nìyẹn! Kí ló ń ṣe nísàlẹ̀ níbẹ̀?"

"Háà," Màámi wí, "òótọ́ ni, mo ti gbàgbé ìyẹn. Ó ní èyí tí oníbàárà kan kọ̀ sílẹ̀ lòun rà, torí onífọ́tò dín iye rẹ̀ kù fún òun. Ojú ẹni yẹn dì nígbà tí wọ́n yà á, ló bá ní kí wọ́n ṣe òmíràn fún òun."

Diethelm wo orí tó wà lábẹ́. Ó wo ògiri. Ó wo àwòrán tirẹ̀, níbi tí Alois kan náà ti la ojú sílẹ̀ kedere, tí Méyọ̀ ti kọ̀ ọ́. Alápatà ni, kò pẹ́ kó tó mọ ibi tí ẹran wà.

"Ẹ gbé e kọ́," ló wí.

"Èwo?"

"Ti Gebhard! Kí lẹ tún ń wò? Ìlú wo ló ní irú ẹ̀? Àwòrán kan, ọmọ ìlú méjì! Ọ̀kan lókè, ọ̀kan lábẹ́! Ẹnikẹ́ni tó bá ní kí wọ́n má gbé e kọ́, Alois Krapf ló bú, kó má sì wá ra ẹran lọ́wọ́ mi mọ́."

Àwọn àgbà ìlú wo ara wọn. Lójú gbogbo wọn lo ti lè rí ìrònú oúnjẹ ọjọ́ Sunday, òkèlè pòtétò àti ẹran yíyan. Wọ́n gbà. Méyọ̀ náà, tó rántí apá ẹlẹ́dẹ̀, gbà, ṣùgbọ́n ó na ìka sí Gebhard.

"Lórí àdéhùn kan. Ẹ̀yin ni ẹ̀ ń pera yín ní ẹni tó mọ̀ ọ́n. Ẹ̀yin ni ẹ máa kọ ohun tí àwòrán yìí jẹ́ gan-an sábẹ́ ẹ̀, kẹ́ ẹ sì fọwọ́ sí i."

Gebhard gba káàdì. Ó gba bírò. Gbogbo tábìlì Ọjọ́bọ̀ tò yí i ká, wọ́n ń na ọrùn. Ó kọ: *Korbinian Zapf, ẹlẹ́*. Ó dúró. Ó wo ìyá rẹ̀. Màámi gbé orí kékeré yẹn sí àtẹ́lẹwọ́, ó ń fẹ́ ekuru kúrò ní ojú rẹ̀ pẹ́pẹ́, bí ẹni ń fẹ́ oúnjẹ fún ọmọ. Gebhard fagi lé ọ̀rọ̀ tó kọ, ó sì kọ òmíràn: *Korbinian Zapf, oníbúrẹ́dì, ọmọ ìlú yìí. Kò gun ẹṣin rí.* Ó fọwọ́ sí i.

Diethelm já bírò gbà, ó fi lẹ́tà tó tóbi ju ti òkè lọ kọ sí i: *Alois Krapf wà lábẹ́.*

Wọ́n po ìyẹ̀fun díẹ̀ mọ́ omi gbóná ní ilé ìdáná gbọ̀ngàn, Gebhard sì lẹ orí bàbá-ńlá rẹ̀ padà fúnra rẹ̀, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mí sí òun lọ́rùn. Wọ́n gbé e kọ́. Ó sún sẹ́yìn láti wò ó, àyà rẹ̀ sì já: orí náà wọ́. Ẹṣin ń lọ sókè, idà ń lọ sókè, ṣùgbọ́n Korbinian tẹrí ba sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ń wo ìsàlẹ̀, síhà ibi tí wọ́n ti kẹ̀kẹ́ Màámi sí.

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n tún un lẹ̀. Ó wọ́."

"Fọwọ́ kàn án kí n rí ọ," ni Màámi wí, kò sì gbé ojú kúrò lára ògiri.